Ẹgbẹ́ Tí A Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ìbí Rẹ̀

Bí èèyàn bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà ní nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́, etí ló máa ń kọ́kọ́ rẹni kí ẹsẹ̀ tó rẹni. Kọ̀ǹdọ́ kan á máa pe Mushin-Òṣòdì, òmíràn á máa pe Lawanson-Ìtìrẹ̀, ẹ̀kẹta á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara danfó gbàgbàgbà, á ní kí oníkálukú wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀. Èéfín súyà á máa dà pọ̀ mọ́ èéfín mọ́tò. Ọ̀nà Yábàá dé síbẹ̀, ọ̀nà Sùúrùlérè dé síbẹ̀, ọ̀nà Mushin dé síbẹ̀, ọ̀nà Stadium náà kò sì gbẹ́yìn.

Àwọn tó sọ ibẹ̀ lórúkọ kò ṣèèṣì sọ ọ́. Ojúbọ Ẹlẹ́gbà ló wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé. Ẹlẹ́gbà yìí náà ni a ń pè ní Èṣù, oríta sì ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá dé oríta gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà kan kó fi ìyókù sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ ọ́ níbẹ̀.

Láti abẹ́ bíríìjì yẹn, bí èèyàn bá kọjú sí Mushin, tó gba Agége Motor Road tí ojú irin rélùwéè ń bá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ tí kọ̀ǹdọ́ ń pe Empire. Òtẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó di orúkọ ibùdókọ̀. Nínú àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ní Ìdí-Orò, ni ẹgbẹ́ olórin kan ti kọ́ ojúbọ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Afrika Shrine ni wọ́n pè é. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ló wà láàárín rẹ̀ àti ti Ẹlẹ́gbà.

Ọdọọdún, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, Ìkẹjà á gba àlejò. Felabration dé nìyẹn. Yéni Kútì, àkọ́bí Fẹlá, olórin tó ni ẹgbẹ́ tó kọ́ ojúbọ Ìdí-Orò yẹn, ló dá a sílẹ̀ ní 1998, ní ọdún tó tẹ̀lé ikú bàbá rẹ̀, láti máa fi ṣe ìrántí ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìyẹn 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Àwọn ọmọ iléèwé girama á jà ní àríyànjiyàn, àwọn àgbà á sọ̀rọ̀, àwọn oníjó á gba títì, tó bá sì di alẹ́, ẹgbẹ́ olórin kan á sọ̀ kalẹ̀ kí òmíràn tó gùn ún, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo fẹ́ràn àjọ̀dún yìí tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ń gbọ́ fèrè níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí Fẹlá la mọ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Nítorí ẹgbẹ́ náà ṣì wà láàyè. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú láti 1997, ẹgbẹ́ kò kú. Ó ti pa orúkọ dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti pàdánù ilé, wọ́n ti jó ohun èlò rẹ̀ níná, àwọn tó jẹ́ òpó rẹ̀ ti kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ó ń lu ìlù. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jùjú, àpàlà àti háíláìfù tí àwọn òbí wa jó sí ni wọ́n bá ọ̀gá wọn wọ ilẹ̀. Ó yẹ ká wádìí ìdí tí èyí kò fi bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan á ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti bí i. Ní 1958 ni ìdílé Ransome-Kútì fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yan iṣẹ́ dókítà, òun lọ sí Trinity College of Music, ó ń kọ́ fèrè trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Orin kò ṣàjèjì nínú ilé yẹn. Bàbá-bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ti kọ orin ìsìn lédè Yorùbá sínú àwo ní Ìlú Ọba nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn Èkó kò tíì fojú rí ẹ̀rọ giramafóònù. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ó sì ń fi dùùrù kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta Grammar School. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni Fẹlá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ J. K. Braimah ti kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àti ti Kàríbíànì jọ, wọ́n pe ara wọn ní Koola Lobitos. Ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé ni. Bí ìwé ti parí ni ó tú ká.

Ní 1963 ni Fẹlá padà dé Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Rẹ̀mí. Ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, orin jáàsì ló sì ń wù ú láti ta fún àwọn èèyàn tó jẹ́ pé háíláìfù ni wọ́n ń rà. Láàárín 1964 sí 1965 ni ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ irúgbìn gidi bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, tó dá ìlù òyìnbó kọ́ ara rẹ̀, wá fi ara rẹ̀ hàn. Tony Allen lorúkọ rẹ̀. Ó ti ka ọ̀rọ̀ tí Max Roach, onílù ará Amẹ́ríkà, kọ nípa páńdórò méjì tí onílù ń fi ẹsẹ̀ pàdé pọ̀, ó sì ti fi ọdún gbáko kọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní ohun tí àwọn onílù Èkó ìgbà náà kì í fi ṣe. Fẹlá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun ń wá. Ní àkókò yẹn kan náà ni Lékan Animáṣahun, ẹni tí gbogbo ayé padà ń pè ní Bàbá Àní, wọlé pẹ̀lú fèrè saksofóònù ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, tí Túndé Williams sì gbé trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí wọ́n mú wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n tún lò. Koola Lobitos kejì nìyí, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí èkíní.

Orin wọn kò tà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ti le jù fún ẹni tó kàn fẹ́ gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra kó jó. Ní 1968 Fẹlá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Afrobeat, ṣùgbọ́n orúkọ ti dé kí ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà tó dé.

Ó dé ní 1969. Ogun Bìáfírà ń lọ lọ́wọ́ nílé nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbéra lọ sí Amẹ́ríkà láti wá ọrọ̀, wọn kò sì rí kọ́bọ̀ tó nílàárí. Wọ́n há sí Los Angeles, kò sí ìwé iṣẹ́, kò sí owó ọkọ̀. Níbẹ̀ ni Fẹlá ti pàdé Sandra Smith, obìnrin adúláwọ̀ tó wà nínú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, ẹni tó fi ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X lé e lọ́wọ́, tó sì bi í pé kí ni orin rẹ̀ ń sọ gan-an. Orin rẹ̀ kò sọ nǹkan kan tó nípọn títí di ìgbà náà. Láti inú ìtìjú ìbéèrè yẹn ni orin tó pè ní My Lady's Frustration ti jáde, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ kọ orin Áfíríkà. Wọ́n di Nigeria 70. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n di Africa 70.

Gbogbo ìwé tí mo ti kà ló máa ń fi ìrìn àjò yìí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Èmi kò gbà. Ohun tí Los Angeles fún Fẹlá ni ohun tí yóò máa sọ. Ohun tó sọ ẹgbẹ́ di ìdásílẹ̀ tó lè la ikú já, ilé ni, àdúgbò ni, ọjọ́ tó ní orúkọ láàárín ọ̀sẹ̀ ni. Èyí kò sí ní Amẹ́ríkà. Apá ibí yìí, láàárín Yábàá àti Mushin, ni wọ́n ti rí i.

Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣeré ní ilé ijó Kakadu ní Alágómejì, Yábàá, èyí tí Fẹlá sọ di Afro-Spot. Nígbà tí James Brown wá sí Nàìjíríà ní 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ́ wá síbẹ̀ láti wá gbọ́ àwọn ará Èkó yìí, ojú Tony Allen ni wọ́n sì ń wò jù. Ní 1971 ni Jẹun Kó Kú jáde, orin nípa alájẹjù, Èkó sì ya lù wọ́n. Láti Yábàá wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè, láti Sùúrùlérè wọ́n wá sí Empire ní Ìdí-Orò, ní ìsọdá títì sí ilé Fẹlá ní 14 Agége Motor Road.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí.

Ìgbéraga àwọn ará àdúgbò yìí pọ̀ lórí àkókò yẹn, ó sì tọ́ sí wọn. Fẹlá kò lọ kọ́ ilé sí Ìkòyí. Àárín àwọn mẹkáníìkì, awakọ̀, aránṣọ àti àwọn ọmọ ìta ló wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti àwọn obìnrin ní Shrine. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Yabis Night, nígbà tí ó máa ń dá orin dúró, kó tú àṣírí àwọn tó wà nípò, kí àwọn èèyàn náà sì dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni eré ńlá, tí wọ́n fi ń júbà níwájú pẹpẹ kí ijó tó gbóná. Ẹni tó bá gbé àdúgbò nígbà yẹn kò nílò kàlẹ́ńdà, ìró tó bá ń bọ̀ láti Empire ló fi ń mọ ọjọ́.

Orin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé jáàsì àti fọ́ńkì ni. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ẹni tó ti jókòó ti àwọn onídùndún rí. Igi méjì tí wọ́n ń kàn mọ́ra àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣílẹ̀kùn, wọn kò sì ní yà kúrò lójú ọ̀nà wọn títí orin á fi parí. Gìtá kan á mú ohùn kúkúrú kan, bóyá ohùn márùn-ún tàbí mẹ́fà, á máa tún un ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìyẹsẹ̀. Gìtá kejì á máa gbè é lẹ́yìn ní àlàfo tí èkíní fi sílẹ̀. Gìtá béèsì á wọlé lábẹ́, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ tí gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ń ṣe lábẹ́ ìyáàlù nìyẹn gan-an: dídúró ṣinṣin kí ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀. Orí wọn ni Tony Allen ti ń fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrè á wá ya wọlé bí ọ̀wọ́ èèyàn, Fẹlá á sì dá orin bí olórin ìjálá ṣe ń dá a, àwọn obìnrin ẹlégbè á gbè é. Iná mànàmáná ló ń gbé gìtá àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé náà jẹ́ ti wa.

Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí a lè yọ kúrò. Ẹ mú onígìtá tó ń tẹ ohùn mẹ́fà yẹn kúrò, kí ẹ rí i bí orin náà á ṣe wó lulẹ̀. Lẹ́yìn tí Igo Chico, tó ń fun saksofóònù, bá ìjà kúrò ní 1973, Fẹlá ní láti gbé fèrè náà fúnra rẹ̀ kó sì kọ́ ọ kíákíá. Àwo Gentleman ni a ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìwà ẹgbẹ́ náà mìíràn ni pé bí wọ́n bá ti gba orin kan sínú àwo, Fẹlá kì í fẹ́ ṣe é lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin tuntun, Ìdí-Orò ló ń lọ. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń yọ́ orin kan níbẹ̀, níwájú àwọn ará àdúgbò, kí òyìnbó tó rí i rà. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn ibí fi ń sọ nípa àwọn orin wọ̀nyẹn bí ẹni ń sọ nípa ọmọ tí wọ́n bá tọ́.

Ní 1975 ni wọ́n gbé Confusion jáde, orin tó gba odidi àwo, tí oríta Ojú Ẹlẹ́gbà fúnra rẹ̀ sì di àpẹẹrẹ nínú rẹ̀: mọ́tò láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọlọ́pàá láàárín. Ó wo oríta tí a ń gbà kọjá lójoojúmọ́, ó rí orílẹ̀-èdè nínú rẹ̀. Ẹni tó bá há sínú gosíló níbẹ̀ lónìí mọ̀ pé orin yẹn kò tíì di ìtàn àtijọ́.

Orúkọ tó fún ilé rẹ̀, Kalakuta, inú àtìmọ́lé ló ti mú un wá ní 1974. Ó sọ ilé náà di orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ó fi wáyà yí i ká. Ní 1976 ni Zombie jáde, tó fi àwọn ṣọ́jà wé òkú tó ń rìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1977 ni ìjọba gbé FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, kalẹ̀, Fẹlá sì kọ̀ láti bá wọn kópa, ó ní òun ò gba bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn olórin tó wá láti òkè òkun, Gilberto Gil ará Bùràsíìlì lára wọn, wá Fẹlá lọ fúnra wọn. FESTAC parí ní 12 oṣù kejì.

Ní 18 oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ṣọ́jà yí Kalakuta ká. Bí ẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Wọ́n lu ẹni tí wọ́n bá, wọ́n fọ́ orí Fẹlá, wọ́n ṣe àwọn obìnrin ilé ní ìṣekúṣe tí ó ń roni lára láti kọ. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ẹni tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ kọ owó orí, láti ojú fèrèsé òkè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Kò bọ́ nínú rẹ̀, ó jáde láyé ní 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Iná jó ilé, ó jó ilé ìwòsàn àbúrò Fẹlá, Dókítà Bẹ́kọ̀, ó jó ohun èlò ẹgbẹ́ àti orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún fíìmù tí wọ́n ń ṣe lórí ayé Fẹlá. Àwọn èèyàn dúró sí Agége Motor Road, wọ́n ń wò. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ pé ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Fẹlá pe ẹjọ́ mílíọ̀nù 25 náírà, ó pàdánù rẹ̀.

Ní 1978, nígbà tí iná náà ń pé ọdún kan, ó fẹ́ obìnrin 27 lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ìròyìn nípa ìgbéyàwó yẹn bo ohun kan mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni ẹlégbè àti oníjó ẹgbẹ́, àwọn tí wọ́n lù tí wọ́n sì bà jẹ́ lọ́jọ́ iná. Wọ́n padà sórí ìtàgé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ yìí tí kò ka àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mọ́ ọn, kò tíì kà á tán.

Ojúbọ Ìdí-Orò tán nìyẹn. Ẹgbẹ́ kó lọ sí Pepple Street ní Ìkẹjà. Ní ìparí 1978, lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní àjọ̀dún jáàsì Berlin ní Jámánì, àwọn olórin gbọ́ pé owó eré náà fẹ́ lọ sínú ìpolongo ìbò tí Fẹlá fẹ́ fi du ipò ààrẹ, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Tony Allen wà lára wọn. Kò sí bí a ṣe lè sọ èyí kó má dunni. Ẹni tó ń mú ìlù sọ̀rọ̀ mẹ́rin jáde, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti jáde, nítorí olórin náà ń jẹun, ó ń san owó ilé. Ọwọ́ tí Fẹlá fi ń tọ́jú owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò mọ́ tó bí ọwọ́ tó fi ń kọ orin fún àwọn òtòṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní pa á mọ́.

Bàbá Àní kò lọ. Òun ló dúró láàárín àwókù yẹn, tó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, tó kọ́ wọn ní ohùn kọ̀ọ̀kan, láti orí fèrè títí dé orí gìtá. Egypt 80 ni wọ́n pe ẹgbẹ́ tuntun náà, nítorí Fẹlá ti ń ka ìwé Cheikh Anta Diop, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé adúláwọ̀ ló ni ọ̀làjú Íjíbítì. Nígbà tí ìjọba ológun mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n lórí ọ̀ràn owó ilẹ̀ òkèèrè, ẹgbẹ́ náà kò tú. Fẹ́mi, ọmọ rẹ̀, ló ṣíwájú wọn ní Hollywood Bowl ní 1985. Fẹlá jáde ní 1986, Fẹ́mi sì lọ dá Positive Force tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún náà.

Mo kà á sí pé ẹ̀wọ̀n yẹn ló kọ́kọ́ fi hàn pé ẹgbẹ́ ti ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Fún nǹkan bí ogún oṣù tí ọ̀gá kò fi sí nílé, orin ń lọ.

Èyí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wọn ní 1997. Fẹlá kú ní 2 oṣù kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, jáde síta gbangba, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé àrùn éèdì ló pa á, ní àkókò tí àwọn ìdílé ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí Tafawa Balewa Square, èrò tó tú jáde kò lóǹkà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ṣeun, àbíkẹ́yìn lára àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti ń kọrin ṣíwájú bàbá rẹ̀ lórí ìtàgé láti kékeré. Òun ni wọ́n gbé síwájú Egypt 80. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọdé tó ṣì ń lọ síléèwé, níwájú àwọn àgbààgbà tí wọ́n ti ń fun fèrè kí wọ́n tó bí i. Bàbá Àní ló dúró tì í, tó ń darí àwọn olórin bó ṣe ń darí wọn fún bàbá rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni Ṣeun fi gbà á. Àwo Black Times tí wọ́n gbé jáde ní 2018 dé ibi tí wọ́n ti yàn án fún àmì ẹ̀yẹ Grammy.

Shrine tuntun ṣí ní Agídíńgbì, Ìkẹjà, ní 2000, ọwọ́ Fẹ́mi àti Yéni ló kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni Felabration wà báyìí. Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, wá síbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2018. Ní ọdún 1998 kan náà tí Yéni dá Felabration sílẹ̀ ni àwọn olórin kan ní Brooklyn, Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ Antibalas sílẹ̀ láti máa ṣe irú orin yìí, àwọn ló sì gbé orin eré Fela! tó dé Broadway ní 2009. Tony Allen ń lu ìlù káàkiri ayé títí tó fi kú sí Paris ní 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà níbí, ọmọ Sùúrùlérè kan, Wizkid, fi orúkọ oríta náà kọrin ní 2014, ayé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ya fọ́tò lábẹ́ bíríìjì mọ orin tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Orin kejì ni nípa ibẹ̀ tí ayé gbọ́.

Bí wọ́n bá ní kí n dá ọjọ́ ìbí fún ẹgbẹ́ yìí, n kò ní mú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, n kò ní mú Los Angeles. Ọ̀kan nínú àwọn alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Empire ni mo máa mú, èyíkéyìí nínú wọn, nígbà tí Tony Allen jókòó sẹ́yìn ìlù, tí Bàbá Àní gbé fèrè rẹ̀ kọ́rùn, tí àwọn obìnrin ẹlégbè ti kun ojú wọn tán, tí àwọn mẹkáníìkì Ìdí-Orò sì ti fọ ọwọ́ wọn wá. Ìfẹ́ ọkàn mi ni kí Egypt 80 tún wá lu ìlù ní àdúgbò yẹn lálẹ́ kan nínú oṣù kẹwàá, kí wọ́n pe orúkọ àwọn olórin lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pe ti Fẹlá, òun fúnra rẹ̀ kò ní bínú.

Títí di báyìí, Ṣeun kì í bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú orin tirẹ̀. Orin bàbá rẹ̀ kan ni Egypt 80 máa ń kọ́kọ́ ṣe, kí tiwọn tó tẹ̀lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, mo wọ danfó ní Ojú Ẹlẹ́gbà, mo ń lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ náà gbà kó lọ ni ọkọ̀ náà gbà: Agége Motor Road, ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, Mushin níwájú. Kọ̀ǹdọ́ wa kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó ń pe ibùdókọ̀ bí ẹni ń ka ìwé tó mọ̀ lórí. "Empire wà o! Empire!" Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú mi gbé àpò rẹ̀, ó ní, "Ó wà, ọmọ mi, dúró dè mí." Ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì yà sí òdìkejì títì.